Nọ́ńbà tó tọ́, ìwọ̀n tó yàtọ̀: bí epo ṣe tán nínú bàálù Air Canada 143 lójú òfurufú

Ẹ mú bírò. Epo tó wà nínú táńkì bàálù kan jẹ́ 7,682 lítà. Epo tí bàálù náà gbọ́dọ̀ ní nínú kó tó gbéra jẹ́ 22,300 kílò. Lítà mélòó ló kù tí ọkọ̀ epo máa fà sí i?

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1983, ní pápákọ̀ òfurufú Montreal lórílẹ̀-èdè Kánádà, àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn bí ẹní mowó ṣe ìṣirò yìí, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì ní 4,917 lítà ni. Iye tó yẹ kó jẹ́ ni 20,088. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí ẹ̀ńjìnnì méjèèjì fi kú lókè, tòun ti èèyàn 69 nínú bàálù.

Air Canada 143 ni nọ́ńbà ìrìn àjò náà. Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ bàálù mọ̀ ọ́n sí Gimli Glider, torí Gimli, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà, ni ibi tó padà balẹ̀ sí láìsí ẹ̀ńjìnnì kankan tó ń ṣiṣẹ́, bíi glider, ìyẹn bàálù aláìlẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà, wọ́n á sáré dé ibi tí ọ̀gá awakọ̀ ti ṣe bẹbẹ, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, ó parí. Èmi kì í kánjú débẹ̀. Ohun tó máa ń gbà mí lákòókò jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀, níbi tí kò sí ìjì, tí kò sí òkùnkùn, tí ẹ̀rù kò sì ba ẹnikẹ́ni.

Lítà ni wọ́n ń tà, kílò ni bàálù ń kà

Ọkọ̀ tó ń fún bàálù lépo, lítà ló ń kà, bíi ti ẹ̀rọ tó ń ta epo mọ́tò. Bàálù kò bá lítà ṣe, ìwúwo ló mọ̀. Ìdí ni pé epo máa ń wú bí ooru bá mú un, a sì máa sunkì nínú òtútù, tó fi jẹ́ pé lítà kan lọ́sàn-án gangan kì í wúwo tó lítà kan ní ìdájí. Agbára tó ń bẹ nínú epo, ìwúwo rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ìwúwo yìí kan náà la fi ń mọ bí bàálù ṣe gbọ́dọ̀ sáré tó kó tó lè gbéra, àti bóyá ojú ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ gùn tó.

Nítorí náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló dúró láàárín ọkọ̀ epo àti bàálù: ìwúwo lítà kan. Lítà epo bàálù kan a máa wúwo tó nǹkan bí 0.8 kílò. Bí a bá fi póùn, ìwọ̀n ìwúwo àtijọ́, sọ ọ́, nǹkan bí 1.77 póùn ni. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì sọ́kàn.

Báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe ń mọ iye epo tí wọ́n máa gbé? Wọ́n á kọ́kọ́ ka èyí tí ìrìn àjò náà máa jó láti ibi ìgbéra dé ibi ìbalẹ̀, wọ́n á sì wo afẹ́fẹ́ tó máa kọ lù wọ́n tàbí tó máa tì wọ́n lẹ́yìn lójú ọ̀nà. Wọ́n á fi ti orí ilẹ̀ kún un, ìyẹn èyí tó máa jó kí bàálù tó yọ́ dé ẹnu ọ̀nà ìgbéra. Wọ́n á bu díẹ̀ sí i fún ohun tí wọn ò retí. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún epo ìrìn àjò ló wọ́pọ̀. Wọ́n á tún fi èyí tó lè gbé wọn dé pápákọ̀ mìíràn kún un, bí ibi tí wọ́n ń lọ kò bá ṣeé balẹ̀ sí. Lábẹ́ gbogbo ìyẹn, epo 30 ìṣẹ́jú kan tún wà nísàlẹ̀ táńkì, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wéwèé láti fọwọ́ kàn.

Ẹnì kan lè ní, kí ló dé tí wọn ò kàn kún táńkì dé ẹnu kí ọkàn gbogbo èèyàn balẹ̀? Epo ń jó epo ni. Gbogbo kílò tí bàálù bá gbé sókè, ó ní iye tí ẹ̀ńjìnnì máa jó láti fi gbé e. Nínú ìrìn àjò ọlọ́nà jíjìn, ìdá mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù àfikún ló ń jó dànù ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbé tọ́ọ̀nù epo kan tí ẹ ò nílò fún wákàtí mẹ́wàá, nǹkan bí 300 kílò nínú rẹ̀ á ti jó kí ẹ tó balẹ̀, ẹ ò sì rí nǹkan kan fi ṣe. Àwọn bàálù mìíràn tiẹ̀ lè wúwo ju bó ṣe yẹ kí wọ́n fi balẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wọn epo bí ẹni ń wọn wúrà, tí àṣìṣe inú ìwọ̀n náà fi máa ń hàn kíákíá.

Ẹni tó bá rò pé àkọsílẹ̀ lásán ni gbogbo èyí, kó rántí bàálù ilé iṣẹ́ LaMia tó gbéra ní Santa Cruz ní Bolivia lọ́jọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2016, tó ń gbé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Chapecoense ti Brazil lọ sí Medellín ní Colombia. Nínú ìwé ìrìn àjò tí wọ́n fi sílẹ̀, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 22 ni wọ́n kọ fún ìrìn àjò, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 22 náà ni wọ́n kọ fún epo. Èèyàn 71 ló kú nínú 77. Ti àwọn yẹn, wọ́n rí i lórí ìwé pé epo kò pọ̀ tó, wọ́n sì lọ bẹ́ẹ̀. Ti Kánádà yàtọ̀: àwọn yìí fẹ́ gbé epo tó pé, wọ́n sì gbà tọkàntọkàn pé ó ti pé.

Téèpù tó parọ́

Bàálù náà, Boeing 767, ṣì tuntun. Mẹ́rin irú rẹ̀ péré ni Air Canada ní nígbà náà. Gbogbo bàálù yòókù nílé iṣẹ́ náà, póùn ni wọ́n fi ń ka epo wọn. Ìjọba Kánádà ń kó gbogbo ìlú kúrò lórí ìwọ̀n àtijọ́ bọ́ sórí kílò àti lítà, 767 ló sì kọ́kọ́ dé pẹ̀lú kílò. Mẹkáníìkì kan lè tọ́jú bàálù póùn láàárọ̀, kó tọ́jú bàálù kílò lọ́sàn-án.

Ohun mìíràn tún yàtọ̀. Nínú àwọn bàálù ńlá àtijọ́, ẹni kẹta máa ń jókòó sí yàrá awakọ̀, ẹ́ńjíníà tó dojú kọ ogunlọ́gọ̀ gééjì, tí ọ̀rọ̀ epo sì wà lọ́rùn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ ẹni yìí nínú 767, ó wá ku awakọ̀ méjì. Bí kọ̀ǹpútà bá wá dákẹ́ ńkọ́, ta ni yóò ṣírò epo? Àwọn awakọ̀ gbà pé iṣẹ́ àwọn tó wà nílẹ̀ ni. Àwọn tó wà nílẹ̀ kò rí ẹni tó sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn ni, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ wọn. Oyè ẹni kẹta kúrò, iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ.

Kọ̀ǹpútà tó ń ka epo 767 ní ẹ̀ka méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí ọ̀kan lè gbà á lọ́wọ́ èkejì bí èkejì bá kú. Nínú ti bàálù yìí, òjé tí wọ́n fi so ojú wáyà kan kò gbá a mú dáadáa. Ẹ̀ka kan wá di olókùnrùn: kò kú, kò sì yè. Ká ní ó kú pátápátá ni, kọ̀ǹpútà náà ì bá mọ̀, ì bá sì yí sí èkejì. Ṣùgbọ́n iná díẹ̀ ṣì ń wọlé sí i, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ọ̀kan ti ń ṣàìsàn, gbogbo gééjì epo sì ṣófo, wọn ò fi nọ́ńbà kankan hàn.

Ní Edmonton, ìlú kan ní ìwọ̀ oòrùn Kánádà, lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mẹkáníìkì kan bá gééjì náà ní òfìfo. Ó fa bírékà ẹ̀ka olókùnrùn yẹn jáde, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí iná wọlé sí i bó bá wà nínú, tó sì ń gé iná náà bí wọ́n bá fà á síta, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á, gééjì sì tàn padà lórí ẹ̀ka kejì. Kò sí kọ̀ǹpútà epo mìíràn nílẹ̀ tó lè fi rọ́pò rẹ̀. Ó lẹ téèpù mọ́ bírékà náà, ó sì kọ ohun tó ṣe sínú ìwé bàálù. Mi ò rí ohun tí èèyàn lè bá a wí sí níbẹ̀. Òfin gbà kí bàálù gbéra lórí ẹ̀ka kan, bí wọ́n bá ti fi ọ̀pá wọn epo inú táńkì kí ó lè jẹ́rìí gééjì.

Lọ́jọ́ kejì, bàálù gba Ottawa dé Montreal, gééjì ń ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì mìíràn wọ yàrá awakọ̀. Ó ka ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ, kò yé e tó, ó ní kóun fojú ara òun rí i. Ó ti bírékà náà wọlé padà. Gééjì kú. Kó tó fà á jáde padà, ọkọ̀ epo dé, wọ́n nílò rẹ̀ nísàlẹ̀ láti fi ọ̀pá wọn táńkì, ó sì bọ́ sílẹ̀. Bírékà ṣì wà nínú. Téèpù ṣì wà lórí rẹ̀.

Téèpù yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn mẹkáníìkì yìí, téèpù ló máa rí, kò ní rí bóyá bírékà wà nínú tàbí ó wà níta. Téèpù á sọ fún un pé wọ́n ti mọ̀ nípa wàhálà yìí, pé ẹnì kan ti bójú tó o, pé bí gbogbo rẹ̀ ṣe wà látàárọ̀ nìyẹn. Àmì tí ẹnì kan fi sílẹ̀ láti sọ òótọ́ ti di ẹlẹ́rìí èké, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá awakọ̀ tó fẹ́ gba bàálù náà ni Robert Pearson, ẹni ọdún 48. Ó ti bá ọ̀gá tó gbé e dé sọ̀rọ̀ ránpẹ́ nígbà tí wọ́n pàdé, ó sì gbọ́ pé gééjì epo ní wàhálà. Bó ṣe yé e sí ni pé láti Edmonton ni gééjì ti ṣófo. Nígbà tó wá wọlé tó bá gééjì ní òfìfo, kò yà á lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ti sọ fún un ló rí.

Ìwé tó to àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ kí bàálù tó gbéra kò gba kí gééjì epo ṣófo pátápátá. Pearson yẹ ìwé náà wò, ó sì rí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú bàálù yìí tuntun débi pé wọ́n ti yí ìwé yẹn padà ní ìgbà 55, àwọn ojú ewé kan nínú rẹ̀ kò sì ní nǹkan kan lórí, wọ́n ṣì ń retí ìlànà. Ohun tó ti wá di àṣà ni pé ẹ̀ka ìtọ́jú bàálù lè fọwọ́ sí ohun tí ìwé kò gbà láàyè. Pearson gbà pé wọ́n ti fọwọ́ sí èyí náà, torí lójú tirẹ̀, ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀ ti gbé bàálù náà bẹ́ẹ̀ láti ìkangun kan dé èkejì.

Ìṣirò náà

Ó wá di ọ̀rọ̀ ọ̀pá. Abẹ́ apá bàálù ni wọ́n ti ń fi í wọn epo. Apá kan fún wọn ní 62 sẹ̀ǹtímítà, èkejì fún wọn ní 64. Wọ́n ṣí tábìlì tó wà nínú ìwé, wọ́n sì rí i pé 62 jẹ́ 3,758 lítà, 64 jẹ́ 3,924. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7,682. Títí débí, kò sí àṣìṣe kankan.

Ó ku kí wọ́n sọ lítà di kílò. Àwọn tó wà nílẹ̀ àti igbákejì awakọ̀, Maurice Quintal, ló ń ṣírò. Wọ́n wá nọ́ńbà tí wọ́n máa fi sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n sì rí i nínú ìwé ọkọ̀ epo: 1.77. Nọ́ńbà tí wọ́n ti ń lò fún àwọn bàálù póùn láti ọjọ́ pípẹ́ ni. Kì í ṣe irọ́. Póùn tó wà nínú lítà kan ni.

7,682 × 1.77 = 13,597. Wọ́n pe èyí ní kílò.
22,300 − 13,597 = 8,703.
8,703 ÷ 1.77 = 4,917 lítà.

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí:

7,682 × 0.803 = 6,169 kílò.
22,300 − 6,169 = 16,131.
16,131 ÷ 0.803 = 20,088 lítà.

Mo jókòó ṣe é fúnra mi. 7,682 pẹ̀lú 4,917 jẹ́ 12,599 lítà. Ìyẹn ni gbogbo epo tó wà nínú táńkì nígbà tí ọkọ̀ epo yọ rọ́bà rẹ̀. Mo sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.77, mo sì bá 22,300 níwájú mi, kò lé, kò dín. Nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́ gan-an ni wọ́n gbé. 22,300 wà nínú táńkì lóòótọ́, póùn ló kàn jẹ́. Ní kílò, nǹkan bí 10,100 ni, kò tó ìdajì ohun tí wọ́n nílò.

Ṣé ọ̀nà kankan wà tí ẹnì kan ì bá fi mọ̀, láìsí gééjì? Mo rò bẹ́ẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Ọmọdé tó bá ti rí epo lójú omi rí mọ̀ pé epo máa ń léfòó ni. Epo tí lítà kan rẹ̀ bá wọn 1.77 kílò máa rì sísàlẹ̀ omi bí òkúta. Á wúwo ju oyin lọ, torí oyin fúnra rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bí 1.4. Ẹni tó bá dúró ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá pẹ̀lú ìbéèrè yẹn, 1.77 á jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro ti omi àti oyin nígbà tí ọkọ̀ epo ń dúró, tí èrò ti fẹ́ wọlé, tí nọ́ńbà náà sì wà lórí ìwé níwájú gbogbo èèyàn? Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn ni ìsodipúpọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di púpọ̀ dáadáa.

Pearson yẹ ìṣirò náà wò. Ó tọ̀nà, torí 1.77 lòun náà lò. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ló yẹ̀ wò, kò tíì yẹ iṣẹ́ wò.

Kọ̀ǹpútà ìrìn àjò kò rí gééjì tó máa ka epo mọ́, nítorí náà wọ́n fọwọ́ tẹ 22,300 kílò sí i. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ohun tó ń ṣe ni pé kó máa yọ iye tí ẹ̀ńjìnnì ń jó kúrò nínú 22,300. Ìyọkúrò rẹ̀ péye. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni kò sí.

Wọ́n balẹ̀ ní Ottawa. Ètò náà ni pé epo tí wọ́n rà ní Montreal máa gbé wọn dé Edmonton, nǹkan bí 3,000 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn. Síbẹ̀ Pearson ní kí wọ́n tún fi ọ̀pá wọn táńkì kí wọ́n tó gbéra. Ẹni tó ń ṣọ́ra ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pè é ní aláìbìkítà. Wọ́n wọn ọ́n, wọ́n rí lítà, wọ́n sọ ọ́ di kílò pẹ̀lú 1.77 kan náà, ìdáhùn sì bá ti kọ̀ǹpútà mu. Ọ̀pá, bírò àti kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta nìyẹn lójú wọn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Lókè

Ojú ogun kọ́ là á ti í wá ọfà, bàálù kò sì lè yà síbi kan lókè kó lọ ra epo. Wọ́n wà ní 41,000 ẹsẹ̀ bàtà, lókè agbègbè Red Lake ní ìpínlẹ̀ Ontario, nígbà tí àmì kan dún pé epo kò wọlé dáadáa mọ́ lápá òsì. Wọ́n rò pé pọ́ǹpù kan ló kú. Kò pẹ́ tí èkejì fi dún. Pearson ní kí wọ́n yà sí Winnipeg, olú ìlú Manitoba. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ńjìnnì òsì kú, wọ́n sì ń múra bí wọ́n ṣe máa fi ẹyọ kan balẹ̀, nígbà tí ohun kan dún gbọ̀ngbọ̀n nínú yàrá awakọ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ rí. Ohùn tí 767 fi ń sọ pé gbogbo ẹ̀ńjìnnì ti kú ni. Kò sí ẹni tó fi kọ́ wọn, torí kò sí ẹni tó rò pé wọ́n máa nílò rẹ̀.

Ẹ̀ńjìnnì ló ń pèsè iná mànàmáná inú bàálù. Bí ẹ̀ńjìnnì ṣe kú, ojú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wọn dúdú, àwọn gééjì kékeré díẹ̀ tó ń lo bátìrì nìkan ló kù. Fáànù kan tí afẹ́fẹ́ ń yí já sílẹ̀ lábẹ́ bàálù, òun ló ń fún wọn lágbára tí wọ́n fi ń darí rẹ̀.

Quintal ń ṣírò, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ohun tí rédà ilẹ̀ ń sọ fún un. Bàálù náà ń sọ 5,000 ẹsẹ̀ bàtà nù ní máìlì òkun mẹ́wàá, ìyẹn bíi kìlómítà 12 níwájú fún kìlómítà kan nísàlẹ̀. Wọn ò lè dé Winnipeg. Quintal mọ Gimli, torí ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ nígbà tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Kánádà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé wọ́n ti ti ibùdó náà pa, pé wọ́n ti sọ ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ rẹ̀ di ibi eré ìje mọ́tò, àti pé àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìje pẹ̀lú ẹbí wọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyókù ni gbogbo èèyàn mọ̀. Wọ́n jẹ́ kí táyà já sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ti iwájú kò dúró ṣinṣin. Bàálù ga jù, ó sì ń sáré jù, Pearson kò sì ní ẹ̀ńjìnnì tó lè fi yí padà wá. Ó ti máa ń wa bàálù kékeré aláìlẹ́ńjìnnì fún ìgbádùn ara rẹ̀, ó sì lo ọgbọ́n ibẹ̀: ó dá bàálù dẹ̀gbẹ́, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí tó fi sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe fẹ́, kó tó tún un tò sí gbọọrọ. Bàálù tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kú kì í pariwo, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò sì gbọ́ nǹkan kan títí tó fi sún mọ́ wọn. Táyà iwájú kákò, imú bàálù wọ́lẹ̀, ó sì dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn. Àwọn ọlọ́kọ̀ ìje gbé ohun ìpaná wọn wá, wọ́n pa iná kékeré tó sọ ní imú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 17 ni wọ́n fi fò láìsí epo. Kò sí ẹni tó kú. Èèyàn mẹ́wàá ló fara pa díẹ̀, nítorí ìdí bàálù ga sókè, ohun ìyọ́sílẹ̀ ẹ̀yìn sì dúró ṣánṣán jù.

Ta ló jẹ̀bi?

Ilé iṣẹ́ náà dáhùn kíákíá. Wọ́n já Pearson sípò tó kéré fún oṣù mẹ́fà, wọ́n dá Quintal dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì dá mẹ́ta nínú àwọn tó ń tọ́jú bàálù dúró pẹ̀lú. Ní 1985, àjọ eré òfurufú àgbáyé, FAI, fún àwọn awakọ̀ méjèèjì ní ìwé ẹ̀yẹ fún bí wọ́n ṣe wa bàálù náà. Mi ò rí ìjà láàárín ìyà àti ẹ̀yẹ yìí. Ọwọ́ tó gbé wọn balẹ̀ ní Gimli, òun náà ló buwọ́ lu epo ní Montreal.

Ìjọba Kánádà gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ George Lockwood, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1985. Kò fi awakọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró lọ́dọ̀ wọn. Ó bi ilé iṣẹ́ náà léèrè ohun tí mo ti ń bi ara mi láti òkè: nígbà tí ẹ yọ ẹni kẹta kúrò, ta lẹ gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún? Ìdáhùn ni pé kò sí. Wọn ò yan ẹnikẹ́ni tí yóò máa ṣírò epo bí gééjì bá kú, wọn ò sì kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń fi kílò ṣe é. Ó tún sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yà ara bàálù tí kò sí nílẹ̀ ní Edmonton, àti ìwé òfin tí wọ́n ń yí padà bí ẹni ń yí ewé.

Bàálù náà, wọ́n tún un ṣe níbẹ̀ ní Gimli, ó sì fi agbára ara rẹ̀ fò kúrò lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Wọ́n lò ó títí di oṣù Kìíní 2008, kí wọ́n tó gbé e lọ sí aṣálẹ̀ Mojave ní Amẹ́ríkà.

Nínú gbogbo àbá Lockwood, ọ̀kan ló wù mí jù, kò sì ní ariwo kankan nínú. Ó ní kí ilé iṣẹ́ náà sọ gbogbo bàálù rẹ̀ di ti kílò láìjáfara. Kò sọ pé kílò sàn ju póùn lọ. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ń lo póùn nìkan kò léwu, èyí tó ń lo kílò nìkan kò sì léwu tó èyí tó ń lo méjèèjì pọ̀, tí ìwé ọkọ̀ epo kan náà ń lọ láti ọ̀dọ̀ bàálù kan sí èkejì.